Ìlà Kan Ṣoṣo Ni Mo Fi Kún Un

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: onínú fùfù ni mí. Ìyàwó mi ní bí omi tíì bá pẹ́ díẹ̀ kó tó hó, mo lè bá kẹ́tùlù jà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe kẹ́tùlù ni mo bá jà.

Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nínú yàrá tútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní aago méje àárọ̀ àti aago kan ọ̀sán, kọ̀ǹpútà yìí á kó èsì àyẹ̀wò gbogbo aláìsàn jọ, á pín in sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Ìwé àṣẹ kan ló ń tẹ̀ lé, ohun tí àwa oníkọ̀ǹpútà ń pè ní sikírípìtì: ìlà mẹ́tàlélógójì tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi kọ kó tó fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà á ka ìlà kìíní, á ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, á bọ́ sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Odidi ọdún mẹ́fà, mi ò rí i kó kọsẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù tuntun fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì ní kí n fi orúkọ rẹ̀ kún ìwé àṣẹ náà. Ìlà kan péré. Kọ̀ǹpútà tèmi ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, yàrá tútù sì tutù débi pé ìka èèyàn á kú tó bá jókòó pẹ́ níbẹ̀. Ni mo bá da ìwé àṣẹ náà sórí fíláàṣì, mo gbé e lọ sí yàrá ìtẹ̀wé, mo bẹ Ìyá Atẹ̀wé pé kí wọ́n yá mi ní kọ̀ǹpútà wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìyá Atẹ̀wé nìkan ló kù ní yàrá yẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, atẹ̀wé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, táípúráítà mẹ́fà ń dún pa pọ̀. Àwọn márùn-ún ti lọ. Ìyá ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà ti gba ipò táípúráítà lórí tábìlì wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò gbọ́: bí wọ́n ṣe ń lu irin àtijọ́ yẹn ni wọ́n ṣe ń lu kọ̀ǹpútà, a sì máa ń gbọ́ wọn láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn wọn, Ìyá Pàkàpàkà là ń pè wọ́n. Àwọn náà mọ̀.

Ohun tí Ìyá fi ń yangàn ni pé àwọn kì í fi nǹkan kún ìwé onínǹkan, àwọn kì í sì í yọ nǹkan níbẹ̀. “Ohun tí wọ́n bá kọ ni mo máa ń tẹ̀,” wọ́n á wí. Dókítà kan kọ̀wé nígbà kan pé gílóòbù yàrá òun ti jó. Bóyá ibi tó ti ń ronú ohun tó máa kọ tẹ̀ lé e ni, ó kọ “ebi ń pa mí o” sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ìyá Atẹ̀wé ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Àgbà gba ìwé pé gílóòbù ti jó, ebi sì ń pa dókítà.

Ọ̀gá Àgbà kì í ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ. Òfin ni, ó wà lára ògiri: ìwé tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba yàrá ìtẹ̀wé kọjá, ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀gá Àgbà yìí kan náà ló ń wí káàkiri pé yàrá ìtẹ̀wé ti di ẹrù, pé bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá tún ti ibẹ̀ wá, òun á tì í pa lọ́jọ́ náà, Ìyá Atẹ̀wé á sì gba ilé lọ láìdúró de oṣù mẹ́ta kankan. Ẹ má bi mí bóyá ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn mu. Èmi kọ́ ni ọ̀gá.

Mo jókòó sórí àga Ìyá lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo tẹ ìlà mi, mo tọ́jú rẹ̀ sórí fíláàṣì. Kí n tó yọ fíláàṣì, wọ́n sáré wá pè mí pé ẹ̀rọ kan ti há ìwé mọ́nu. Nígbà tí mo padà dé, ó ti tó ààbọ̀ wákàtí. Ìyá Atẹ̀wé ti jókòó sí ipò wọn.

“Bàbá Kọ̀ǹpútà,” ni wọ́n wí, “mo ti bá ẹ pa á dé. Fíláàṣì ẹ rèé.”

Mo dúpẹ́, mo gbé ìwé àṣẹ náà padà sínú kọ̀ǹpútà ńlá, ó rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, mo lọ sílé.

Láago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé kan ò jáde ní wọ́ọ̀dù kankan.

Mo wọ yàrá tútù, mo tẹ orúkọ ìwé àṣẹ náà pé kó ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà dá mi lóhùn pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó to gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà fún mi. Ó tò wọ́n. Ìwé àṣẹ náà ló ṣìkejì. Mo tún pè é. Ó ní kò sí. Ó wà níwájú mi, ẹni tó tò ó síwájú mi ló tún ń sọ pé kò sí. Mo nu ojú mi. Mo nu ojú kọ̀ǹpútà náà.

Mo ṣí ìwé àṣẹ náà, mo kà á. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ti lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri, nítorí náà mo já a, mo fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mò ń wo ìwé, mò ń wo kọ̀ǹpútà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Mo ṣe é dé ìlà kẹtàlélógójì. Yàtọ̀ sí ìlà kan tí mo fi kún un, kò sí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Mo yọ ìlà tèmi kúrò. Ó yẹ kó padà sí bó ṣe wà lánàá, àbí? Kò padà. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà yọjú. “Èsì dà?”

“Ó ń bọ̀.”

“Láti ibo?”

Mo tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ èsì, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn ín kiri wọ́ọ̀dù, gbogbo ẹni tó bá sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi ló ń wò mí bí ẹni tó jẹ kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ oúnjẹ.

Mo pa ìlà kìíní rẹ́, mo fọwọ́ ara mi tún un tẹ̀, ohun kan náà, lẹ́tà kan náà. Mo pe ìwé àṣẹ náà. Ó dìde! Ó ṣubú ní ìlà kejì. Mo tún ìlà kejì tẹ̀ bó ṣe wà. Ó gba ìyẹn, ó ṣubú ní ìkẹta. Mo tún ìyẹn náà tẹ̀, ó ṣubú ní ìkẹrin. Ẹ bá mi wò ó: mo fi ohun kan rọ́pò ara rẹ̀, ó wá dára. Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀? Mo lè tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìlà tó kù kún fún àmì wínníwínní tí mi ò mọ ìdí abájọ wọn. Bí mo bá ṣi ọ̀kan tẹ̀, èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan lè lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọmọ mìíràn. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju Ọ̀gá Àgbà lọ.

Èyí tó tún pin mí lẹ́mìí ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ráhùn. Tẹ́lẹ̀, á dárúkọ ibi tó ń wá, á wá ní òun ò rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó gun orí orúkọ tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìrù lẹ́tà mélòó kan ń yọ jáde lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti mu yó ló rí. Mo tilẹ̀ rò pé ojú kọ̀ǹpútà ló ti bàjẹ́, mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ dùn mí.

Lọ́sàn-án, ìyàwó mi pè mí.

“Olówó orí mi, o ti jẹun?”

“Ṣé oúnjẹ ló kàn báyìí?” Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un.

“Ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn?”

“Èmi. Ìlà kan ni mo fi kún un, mo sì ti yọ ọ́.”

“Ìwọ lo fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn nìyẹn.”

“Mo ní ìlà kan ṣoṣo ni mo fi kún un!”

“Mo gbọ́. Má pariwo mọ́ mi, èmi kọ́ ni kọ̀ǹpútà.”

Mo pa fóònù. Inú ń bí mi, nítorí pé mo mọ iṣẹ́ mi. Bí ohun tí mo ṣe ò bá burú, ẹlòmíràn ló ṣe ohun tó burú. Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn Ìyá Atẹ̀wé sọ sí mi létí: mo ti bá ẹ pa á dé. Ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n fi wà pẹ̀lú ìwé àṣẹ yẹn. Ta ló mọ ohun tí wọ́n fi ìka líle yẹn tẹ̀ mọ́ ọn? Mi ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ tí kò ní hàn sójú, ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi. Ara mi balẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń balẹ̀ téèyàn bá ti rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù.

Aago kan lù, ìwé ò jáde. Ọ̀gá Àgbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọjọ́ orí wa ò ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n bó bá wọ yàrá, ńṣe ni mo máa ń dà bí ọmọ tó fọ́ àwo.

“Ta ló fọwọ́ kàn án?”

“Ó dé yàrá ìtẹ̀wé lánàá, sà.”

Ó mirí bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti ń retí fún. “Kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìwé náà wà lórí tábìlì mi láago mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, mo máa ti ibẹ̀ pa lónìí.”

Mo mú gègé. Ìbínú ló kọ ìwé yẹn, ọwọ́ mi kàn bá a di gègé mú ni. Mo kọ ọ́ pé kò sí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ tèmi. Mo kọ ọ́ pé Ìyá Atẹ̀wé ló fọwọ́ kan ìwé àṣẹ náà lẹ́yìn mi, láìgbàṣẹ. Mo tún wá kọ èyí tí mi ò lè gbàgbé títí dòní: pé àgbà ti dé sí wọn, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, kò sì yẹ kí wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà mọ́. Mo ká a sí méjì, mo rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ já, mo jù ú sínú atẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtẹ̀wé, bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́fà, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo búra fún yín, kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó ìwé inú atẹ́ yẹn.

Ìgbà tó wá sí mi lọ́kàn ni mo gbọ́ ìró ìka Ìyá lórí kọ̀ǹpútà. Pàkà, pàkà, pàkà. Ó ń dún bọ̀ láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò yára, kò falẹ̀. Mo dìde, mo jókòó. Bí mo bá lọ gbà á padà, kí ni mo máa sọ? Ìró náà dáwọ́ dúró.

Ìyá Atẹ̀wé kì í wọ yàrá tútù, torí orúnkún wọn. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wọlé, wọ́n fi ìborùn wé ara, wọ́n gbé fáìlì kan síwájú mi.

“Bàbá Kọ̀ǹpútà, ìwé ẹ rèé. Fọwọ́ sí i, kí n gbé e lọ kó tó di aago mẹ́rin.”

Ojú wọn ò le, kò sì rọ̀. Mi ò ṣí fáìlì náà. Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo tún pe ìwé àṣẹ náà, ó tún ṣubú ní ìlà kẹrin. Ìyá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń dúró de ọwọ́ mi. Lójijì ni mo gbọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ nímú.

“Kí ló dé tí lẹ́tà ń gun ara wọn báyìí?”

“Mi ò mọ̀, mà. Láti àárọ̀ ni.”

“Èyí? Mo mọ èyí. Wọ́n nà mí lọ́wọ́ nítorí ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́.” Wọ́n na ọwọ́ òsì jáde, wọ́n fi ti ohun kan tí kò sí níbẹ̀ sápá ọ̀tún. “Lórí táípúráítà, tó o bá tẹ̀wé dé ìparí ìlà, nǹkan méjì lo máa ṣe. O máa ti orí ẹ̀rọ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, o máa sì yí rọ́là kí ìwé gòkè. Tó o bá tì í padà tó ò yí rọ́là, orí ìlà tó o ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wàá tún máa tẹ̀wé lé. Wo ibí. Ó ti padà, ìwé ò gòkè.”

“Kọ̀ǹpútà ò ní rọ́là, mà.”

“Èmi ò mọ ohun tó ní. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ.”

Nǹkan méjì ní ìparí ìlà. Mo mọ̀ ọ́n! Wọ́n kọ́ mi níléèwé, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbàgbé ohun tí kò dà á láàmú rí: kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì di àṣà táípúráítà mú, àmì méjì tí kì í hàn ló máa ń fi sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún pípadà, ọ̀kan fún bíbọ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tèmi ò mọ̀ ju ọ̀kan lọ. Èkejì yẹn, ara ọ̀rọ̀ ló ń kà á mọ́. Abájọ tó fi ń wá ohun tí kò sí!

Àṣẹ kan wà tó ń mú kọ̀ǹpútà fi ohun tó fara pa mọ́ hàn. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yọ síta: ní ìparí gbogbo ìlà, àmì kan náà, wọ́n tò wálẹ̀ bí èèrà. Ìlà mẹ́ta òkè tí mo fọwọ́ ara mi tún tẹ̀ nìkan ni kò ní. Ìgbà tí mo fi kọ̀ǹpútà Ìyá tọ́jú iṣẹ́ mi ni àwọn àmì yẹn wọlé. Kì í ṣe ìgbà tí Ìyá pa á dé, torí kí n tó dìde lórí àga yẹn ni mo ti tọ́jú rẹ̀. Èmi náà ni.

Mo gbá àwọn àmì náà dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo dá ìlà wọ́ọ̀dù ọmọdé padà, mo pe ìwé àṣẹ náà. Kò ráhùn mọ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ti ìkejì tẹ̀ lé e, ẹnì kan sì pariwo pé “Ó ti dé o!” Mo fò sókè. Mo yíjú padà, eyín mi wà níta.

Ìyá Atẹ̀wé ṣì dúró síbẹ̀. Wọ́n na gègé sí mi.

“Fọwọ́ sí i.”

Mo ṣí fáìlì. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. “Láìgbàṣẹ” wà níbẹ̀. “Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́” wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, àlàfo ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Nísàlẹ̀, ní igun, lẹ́tà orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú tì mí débi pé mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ létí.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà.”

“Ohun tí wọ́n bá kọ ni mo máa ń tẹ̀.”

“Ẹ ò bi mí léèrè.”

“Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn.”

“Ẹ sì tún wá ràn mí lọ́wọ́.”

“Mi ò ràn ẹ́ lọ́wọ́. Mo kàn rí i ni.” Wọ́n tún ìborùn wọn wé. “Ojú mi ò tíì fọ́ tó bẹ́ẹ̀.”

Mo ya ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Mo kọ òmíràn lórí orúnkún mi, ó kúrú: èmi ni mo fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, èmi ni mo bà á jẹ́, Ìyá Atẹ̀wé ló rí ohun tí èmi ò rí láti àárọ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n kà á délẹ̀.

“Ẹ̀dà mẹ́ta?”

“Mẹ́rin, mà. Ẹ mú ọ̀kan.”

Ọ̀gá Àgbà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tí yàrá ìtẹ̀wé ti jẹ̀bi. Nígbà tí kò rí i, ó wò mí. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Atẹ̀wé fúnra wọn gbé ìwé wá bá mi nídìí iṣẹ́: kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo wò ó títí bóyá mo lè rí ọ̀rọ̀ kan péré tí wọ́n fi kún un, tàbí ọ̀kan tó le jù tí wọ́n bá mi yọ. Kò sí. Mo fọwọ́ sí i pé ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Wọ́n mú ẹ̀dà tiwọn, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró.

“Tó o bá padà dé, kọ̀ǹpútà mi wà níbẹ̀ o,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra ẹ ni wàá pa á dé.”